Gbogbo Oúnjẹ Tí O Fi Ránṣẹ́ Kò Tíì Pé Ọjọ́

Abà Alágo,
Lọ́nà Moniya.
Ọjọ́ Ajé.

Fàdìlàt ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ohun tó ti bàjẹ́ sílẹ̀, nítorí bí mo bá fi ìkíni ṣáájú, wàá ka ìkíni tán, wàá rẹ́rìn-ín, wàá gbé lẹ́tà sílẹ̀, ó parí nìyẹn. Èkíní, ó yẹ kí n ti wà lọ́dọ̀ rẹ ní Èkó láti ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo ṣì wà nílé. Ẹni tó mọ̀ sí i: gbogbo wa. Èkejì, bàbá rẹ kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé tí wọ́n ti ń gbé láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹni tó mọ̀ sí i: èmi, ìwọ, àti àwọn fúnra wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kà á sí nǹkan. Ẹ̀kẹta, páálí oúnjẹ méjì tí o fi rán Lateef awakọ̀ sí wa, kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tó tíì pé ọjọ́. Ẹni tó mọ̀ sí i: ìwọ tí o rà á, àti Ammar ọkọ rẹ, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìṣirò ló kọ́ ní yunifásítì, tó yẹ kó wo ìdí nǹkan kó tó sanwó. Ẹ̀kẹrin, Ìyá Títílọpẹ́ ti gbọ́ pé mo fẹ́ rìnrìn àjò. Ẹni tó sọ fún un ni bàbá rẹ. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé àṣírí ni.

Mo ti tò ó tán. Mo kí ọ báyìí. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ẹsẹ̀ tó wú ti ń fà? Ọlọ́run tó fi oyún síbẹ̀ ni yóò sọ̀ ọ́ ní wẹ́rẹ́, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ, ilé ìwòsàn kò ní í rí ohun tí wọ́n máa fi ọ̀bẹ ṣe lára rẹ, láṣẹ Ọlọ́run. Bá mi kí Ammar. Sọ fún un pé mo kí i tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ páálí ṣì wà láàárín èmi pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé ni mo kọ nítorí pé lórí fóònù, bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ kan ọ́, wàá ní nẹ́tíwọọ̀kì kò dáa. Ìwé kò ní nẹ́tíwọọ̀kì. Jókòó kí o kà á tán.

Ohun tó dá mi dúró kò ju ẹyọ kan lọ, òun náà ni ẹnu bàbá rẹ. Ogójì ọjọ́ ni mo máa fi wẹ ọmọ rẹ bí ìyá mi ṣe wẹ ìwọ náà, a fi ọjọ́ mẹ́rin kún un fún àlọ àti àbọ̀ àti ohun tí èèyàn kò rò tẹ́lẹ̀, ó di ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì. Ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ìgbà méjìléláàádóje ni bàbá rẹ máa la ẹnu pé àwọn fẹ́ jẹun tí n kò sì ní sí nílé. Ta ló máa dá wọn lóhùn? Ìyá Títílọpẹ́ ti ní òun máa dá wọn lóhùn.

O rántí obìnrin náà, opó ojúlé kẹta sí wa, tó máa ń fi gèlè dúdú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin dáadáa ni. N kò sọ pé kì í ṣe obìnrin dáadáa, ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn. Ó wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, ó ní kí n máa lọ ní tèmi, kí n má wẹ̀yìn, òun á máa gbé oúnjẹ Bàbá Fàdìlàt wá láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, pé ìkòkò ẹnì kan àti ìkòkò ẹni méjì, iná kan náà ló ń jó o. Mo dúpẹ́. Mo ní wàhálà rẹ̀ pọ̀, bàbá kì í jẹ ata. Ó ní wọ́n ń jẹ ata. Mo ní ta ló sọ fún un. Ó ní ta ni kò mọ̀ nínú abà yìí. Mo fi ìdáhùn yẹn sí ibì kan nínú orí mi. Ìwọ náà mọ Ìyá Alákàrà ìsàlẹ̀ abà, tó lọ wẹ ọmọ ní Abẹ́òkúta, tó padà dé tó bá bàtà obìnrin míì lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìdáná rẹ̀. Ìyáálé ni wọ́n ń pè é báyìí. Kò bèèrè fún oyè yẹn. Ìyá Títílọpẹ́ jẹ́ onígbàgbọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí kò tíì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí o ní o máa fi oúnjẹ kíákíá ránṣẹ́. Lateef gbé páálí méjèèjì dé ní Jímọ̀ méjì sẹ́yìn, a ṣí i, a gbàdúrà fún ọ, bàbá rẹ ń fi ọwọ́ nu agolo sàdíìnì bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Sùpàgẹ́tì wà níbẹ̀, tòmátò inú agolo, ọ́ọ̀tì, mílíìkì, àti ẹ̀wà tí wọ́n ti sè sínú agolo, èyí tí mo gbé sókè wò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dá mi lójú pé ẹ̀wà ni. O ní kí bàbá rẹ kàn máa ṣí i, kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Mo ní ó dáa. Àfi ìgbà tí mo dojú agolo kan délẹ̀ tí mo rí ọjọ́ méjì ní ìdí rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kó o sínú agolo àti ọjọ́ kan tí kò tíì dé.

Kò sí ẹni tó máa túmọ̀ ìyẹn fún mi. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe akápò Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù wa, mo sì jókòó ní kíláàsì ìṣòwò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Moniya, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ló wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó rẹ. Ohun tó bá ti ní ọjọ́ méjì lára, ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó ṣì wà níwájú, a fi pamọ́ ni. Owó ẹgbẹ́ tí a máa ń tì sí báńkì fún ọdún kan, báyìí gan-an ni wọ́n ń kọ ọ́ sórí ìwé rẹ̀. O kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bí o bá yọ ọ́ ṣáájú, wọ́n á kó owó rẹ fún ọ, ṣùgbọ́n èlé ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ yìí ṣe rí. Wọ́n dé e mọ́nú agolo kó lè máa gbó, kí adùn máa wọ̀ ọ́, kí agbára máa wọ̀ ọ́, wọ́n wá kọ ọjọ́ tó máa pé sí ìdí rẹ̀ kí ẹni tó rà á má baà kánjú. Gàrí tiwa kò ní ọjọ́ kankan lára, ọjọ́ tí a bá yan án náà la ń jẹ ẹ́. Àwọn tó ṣe agolo ní sùúrù jù wá lọ, n kò bá wọn jà.

Mo tò wọ́n bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Sùpàgẹ́tì ló máa kọ́kọ́ pé, oṣù Kẹta ọdún tó ń bọ̀. Ọ́ọ̀tì tẹ̀ lé e. Tòmátò di ọdún méjì. Sàdíìnì di ọdún mẹ́rin. Fàdìlàt, ọdún mẹ́rin! Ọmọ tó wà nínú rẹ yóò ti máa ka ABD kí bàbá rẹ tó lè fi sàdíìnì jẹ gàrí. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí onírin abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tó máa tètè pé wà lókè, mo sì tì í pa.

Mo lọ bá Najeem tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìkóríta. Mo ní kó bá mi ṣe pàṣípààrọ̀, kó gba èyí tí kò tíì pé, kó fún mi ní èyí tó ti pé, mo sì lè fi nǹkan lé e lórí. Ó wò mí títí. Ó ní Màmá, ọjọ́ tí ẹ rí yẹn, ọjọ́ tí oúnjẹ máa bàjẹ́ ni. Mo bi í léèrè pé ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọjọ́ tí ọjà òun máa bàjẹ́ sí ìdí ọjà, tí yóò tún wá gbé e sọ́jà pé kí èèyàn wá rà á. Ó ní ìjọba ló ní kí wọ́n kọ ọ́. Mo ní ìwé ilé ìwòsàn ọmọ mi ńkọ́, tí àwọn náà kọ ọjọ́ sí, ṣé ọjọ́ tí ọmọ máa bàjẹ́ ni? Ó ń họ orí. N kò bá a wí, onítajà ni, kò lè sọ fún mi pé kí n dúró, nítorí bí mo bá jẹ ẹ́ lónìí màá padà wá rà lọ́la. Ohun tó dùn mí ni èyí tí mo rí nígbà tí mo ń jáde. Ó ń kó agolo tòmátò méje lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ wọn pé ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n gbó dáadáa, àwọn mìíràn tiẹ̀ ti wú fún ọ̀rá. Mo ní kó tà á fún mi. Ó ní òun kò tà. Mo ní kó dá iye tó bá fẹ́. Ó ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ríjà Ọlọ́run. Ó fi òkúta tẹ̀ wọ́n fọ́ lójú mi, ó da kẹrosíìnì lé e, ó ṣáná sí i. Mo dúró níbẹ̀ títí iná fi kú. N kò tíì sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀, nítorí ọmọlúàbí ni, ó lè jẹ́ pé àárẹ̀ ló mú un.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Mo dé, mo rí bébà sùpàgẹ́tì lórí ààtàn. Mo bi bàbá rẹ. Wọ́n ní eku ni. Mo ní eku ló ṣí kọ́kọ́rọ́, tó jẹ ẹ́ tán, tó tún ká bébà rẹ̀ sí mẹ́rin? Wọ́n ní eku ayé ìsinsìnyí ti lajú. Nígbà tó yá wọ́n jẹ́wọ́. Omi gbígbóná inú fúláàsì ni wọ́n dà lé e, wọ́n dé e, wọ́n lọ kírun, wọ́n padà bá a pé ó ti rọ̀ díẹ̀. Wọ́n ní kò burú, pé ó ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń wo agogo. Kò tó wákàtí kan tí ebi tún fi ń pa wọ́n. Mo ní ẹ rí i bí? Èlé ló lọ yẹn. Wọ́n bu gàrí.

Nígbà náà ni mo pa páálí rẹ tì tí mo dìde sí ilé-ìdáná tiwa. O fi àwòrán ilé-ìdáná kan ránṣẹ́ sórí fóònù Najeem pé kí n wò ó kọ́gbọ́n. Mo wò ó. Gbogbo nǹkan wà nínú ìgò, ìgò ń dán, kò sí èéfín lára ògiri, kò sí ìkòkò lórí iná, kò sí èèyàn. Mo gbà pé wọn ò tíì kó wọ ibẹ̀. Ọgbọ́n tí mo lò ni ti Moniya, pé ọjà tó bá ń ṣe iṣẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, àyè lásán ló ń jẹ. Mo fi ojú yẹn wo ohun tí mo ní, mo lé ìdajì rẹ̀ jáde. Ó ku mẹ́jọ: gàrí, ẹ̀wà, ìrẹsì, ẹja gbígbẹ, irú tí mo sá gbẹ tí mo sì gún kúnná, epo, iyọ̀, àti ata díndín. Ẹyin kò sí nínú rẹ̀ nítorí abẹ́ adìyẹ ló wà.

Fetí sílẹ̀, nítorí ìwọ náà máa lò ó bí ọmọ bá dé. Gàrí, a ń rẹ ẹ́, a ń tẹ̀ ẹ́, a ń wọ́n ọn lé ẹ̀wà. Ẹ̀wà, nírọ̀lẹ́ la ń sè é sílẹ̀ fún ọjọ́ kejì, kí ebi má baà bá a lórí iná, èyí tó bá sì ṣẹ́kù, a ó fi epo gbé e kaná láàárọ̀, á tún dùn ju ti àná lọ. Ata ni olórí gbogbo wọn. Tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà ni mo lọ̀ pọ̀, mo gbé e kaná títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ pátápátá, kí n tó da epo sí i, mo wá dín in títí epo fi léfòó. Èyí kì í tètè bàjẹ́ bí a bá ń gbé e gbóná láàárọ̀ àti lálẹ́, tí a kò fi ṣíbí tútù bù ú. Fọ́ ẹyin méjì sí i, oúnjẹ dé. Da ìrẹsì sí i, oúnjẹ dé. Já ẹja sí i, kí o bomi díẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀bà ni. Láti ìgbà tí èèyàn bá ti wọ ilé-ìdáná títí tí yóò fi fọwọ́, kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Mo fi agogo wò ó.

Èmi lè ṣe é ní ogún ìṣẹ́jú. Bàbá rẹ ńkọ́? Mo fún wọn ní ìdánwò ní Ọjọ́rú. Mo gbé àga síta, mo ní n kò ní wọlé, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ni mo fẹ́. Wọ́n wọlé, wọ́n jáde, wọ́n ní iyọ̀ dà. Mo ní kí wọ́n wò ó. Wọ́n ní àwọn ti wò ó. Mo ní kí wọ́n fi ojú wò ó. Wọ́n wọlé, wọ́n tún jáde, wọ́n ní báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé omi ti hó. Mo ní omi á bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi yọjú, mo bá wọn tí wọ́n dẹ etí sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, omi ti gbẹ. Ẹ̀bà tí wọ́n gbé jáde, adìyẹ wò ó, adìyẹ kọjá lọ. Wọ́n jẹ ẹ́ tán níwájú mi nítorí ìgbéraga.

Ohun tó ṣe wọ́n níbi ìdánwò yẹn ni pé wọn kò mọ ohun tó wà nínú ike wo. Mo ti kọ orúkọ sára gbogbo ike ọ̀dà tí mo kó nǹkan sí, wọ́n ní àwọn ò lè ka èyí, ABD ń ti ọwọ́ òsì rìn wá, ó ń yí wọn lójú. Kéwú ni wọ́n kà. Mo ní kí wọ́n fi lẹ́tà kéwú kọ ọ́ fúnra wọn nígbà náà. Wọ́n fi odindi Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀ kọ ọ́, pẹ̀lú tàdáwà, yíǹkì tí wọ́n fi ń kọ wàláà, ó rẹwà, ike iyọ̀ dà bí ohun tí èèyàn lè gbé kọ́ sára ògiri mọ́ṣáláṣí. Àfi ìgbà tí mo wọlé láti se ọbẹ̀ nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, tí mo dúró láàárín ilé-ìdáná tí mo ti ń lò láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí n kò mọ èwo ni iyọ̀. Mo pè wọ́n. Wọ́n wà lórí àga níta. Wọ́n ní kí n wò ó. Mo ní mo ti wò ó. Wọ́n ní kí n fi ojú wò ó.

Láti ìgbà yẹn ni ọwọ́ wọn ti tọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo tún fún wọn ní ìdánwò, ẹ̀wà ni mo fẹ́. Wọ́n sè é lẹ́yìn ìrun alásárì, wọ́n bu ata díndín lé e, wọ́n já ẹja sí i, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n ronú, wọ́n wá wọ́n irú lé e nígbà tí wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀, èyí tí èmi kì í ṣe. Mo jẹ ẹ́. N kò rí ohun tí mo máa tún ṣe. Mo ní kí wọ́n bu díẹ̀ sí i. N kò sọ fún wọn pé ó dùn, mo ní wọ́n yege. Mo wọlé lọ di ẹrù mi.

Àná tí í ṣe ọjọ́ Àìkú ni ọ̀ràn yí padà. N kò fún wọn ní ìdánwò. Fúnra wọn ni wọ́n dìde, wọ́n wọ ilé-ìdáná, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń fi ẹnu kọrin wàká. Nígbà tí mo jáde, mo rí ìkòkò ẹ̀wà, n kò rí wọn. Wọ́n ti bu abọ́ kan lọ fún Ìyá Títílọpẹ́. Wọ́n ní ó pọ̀ jù fún ẹni méjì. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà dá abọ́ padà, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti nù ún, ó sì jókòó. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń dáná, òun kò jẹ ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ rí, kí ni Bàbá Fàdìlàt fi sí i? Bàbá rẹ gbé fìlà wọn sẹ́yìn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ irú ni, pé ọ̀pọ̀ obìnrin kò mọ ìgbà tí à ń wọ́n ọn sí i. Ìṣojú mi ni wọ́n ti sọ ọ́. Ó ní ṣé wọ́n lè kọ́ òun bí ìyàwó bá ti lọ? Wọ́n ní kò sí wàhálà, ilẹ̀kùn kì í ṣe títì. Mo wà láàárín àwọn méjèèjì bí àga. Mo gba abọ́ mi.

Fàdìlàt, ètò tí mo ṣe ni pé kí oúnjẹ obìnrin yẹn má baà máa wọ ilé mi. N kò ṣètò fún kí oúnjẹ ilé mi máa lọ bá obìnrin yẹn.

Mo ronú sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó pọ̀ jù fún ohun tó hàn gbangba. Bàbá rẹ ń bá mi bọ̀ ní Èkó. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí ni ọkùnrin fẹ́ lọ ṣe níbi tí wọ́n ti ń wẹ ọmọ ìkókó, pé àwọn ò gbọ́ ọ rí nínú ìran àwọn. Mo ní èmi ni mo máa wẹ ọmọ, àwọn ni yóò máa dáná. Nígbà tó ṣe, wọ́n bi mí bóyá àwọn ará Èkó ní irú. Mo ní n kò mọ̀. Láti àná ni wọ́n ti ń di irú. Ó ti di ike mẹ́ta.

Ilé àti adìyẹ, mo ti fà á lé Ìyá Títílọpẹ́ lọ́wọ́. Ẹnu yà á. Mo ní òun kúkú ló sọ pé kí n má wẹ̀yìn. Òun àti adìyẹ mẹ́sàn-án ló máa kù síbẹ̀, n kò sì rí èyí tó lè fẹ́ nínú wọn.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ nìyí, má ṣe bá mi yí i. Kó gbogbo nǹkan kúrò lórí pẹpẹ méjì tó wà nísàlẹ̀ nínú ilé-ìdáná rẹ, bàbá rẹ kò lè máa nà sókè. Ra ẹ̀wà olóyin, ìrẹsì, epo àti iyọ̀ sílẹ̀, a ń gbé gàrí àti ẹja bọ̀. Sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń gbé pé ọkùnrin tó wà nídìí ìkòkò rẹ, bàbá tó bí ọ ni. Agolo yòówù tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti pé nínú ilé rẹ, má ṣe jẹ́ kí Ammar dà á nù, mo gbọ́ pé ẹ máa ń dà á nù níbẹ̀, kí Ọlọ́run forí jì yín, kó o pa mọ́ dè mí. Owó ọkọ̀ ẹni méjì àti ti ẹrù, fi rán Lateef, kì í ṣe sórí fóònù Najeem, nítorí ara rẹ̀ kò tíì yá. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀ yìí, agogo méjì ọ̀sán. Bí ó bá dé ní méjì àbọ̀, a ti wọ ọkọ̀ aláta láti Moniya, wàá gbóòórùn wa kó o tó rí wa.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí rẹ àti ti ọmọ sí, orí rẹ kò ní dojú tì wá, ilé Ammar yóò kún fún ayọ̀, ohun tí o bá dì mọ́ àyà kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Àmín. Bí ìrọbí bá mú ọ kí a tó dé, má ṣe ṣàníyàn, lọ sí ilé ìwòsàn, kí o fi kọ́kọ́rọ́ ilé-ìdáná sílẹ̀ fún bàbá rẹ. Ọjọ́bọ̀, agogo méjì. Bàbá rẹ ti wọ bàtà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàjàrá.